Ta Ni Ó Ni Ìtàn Mọremí?

Bí olùkọ́ kan ní ilé ìwé gíga létí òkun Ìlàjẹ bá pinnu pé eré Mọremí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun yóò ṣe ní ọjọ́ ìpín-ẹ̀bùn, iṣẹ́ kékeré kọ́ ni ó dáwọ́ lé. Ọmọbìnrin tí yóò ṣe Mọremí kò ní ṣòro láti rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá kan àwọn tí yóò wọ aṣọ ìko, tí wọn yóò yọ láti inú igbó wá kó Ifẹ̀ lẹ́rú, ó ṣeé ṣe kí ọmọ kan nawọ́ sókè, kí ó sì béèrè pé: ṣé kì í ṣe àwọn baba ńlá wa ni a fẹ́ fi ṣe ẹlẹ́yà yìí? Ìbéèrè náà bọ́gbọ́n mu. Olùkọ́ kò sì lè dáhùn rẹ̀ dáadáa bí kò bá kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ̀tọ́ àdàkọ jẹ́, àti ibi tí ẹ̀tọ́ yìí ti yàtọ̀ sí àṣẹ láti pa ẹlòmíràn lẹ́nu mọ́.

Ìtàn náà, bí ọ̀pọ̀ ìwé ti sọ ọ́, kò gùn. Àwọn ará Ìgbò (kì í ṣe Ìgbò ti Onítsha àti Ówèrè ni à ń wí) a máa kọ lu Ifẹ̀. Ìrísí wọn kò jọ ti ènìyàn, àwọn ará Ifẹ̀ sì gbà pé iwin ni wọ́n. Mọremí lọ jẹ́jẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ odò Ẹ̀sìnmìrìn, ó jẹ́ kí wọ́n kó òun lẹ́rú, ọba wọn fi í ṣe aya, ó sì gbọ́ àṣírí pé koríko àti ìko lásán ni ohun tí ń dẹ́rù bani náà. Ó sá padà wálé. Nígbà tí wọ́n tún dé, iná ni àwọn ará Ifẹ̀ fi pàdé wọn. Ẹ̀jẹ́ ni ó wá kù: odò kò gba màlúù, kò gba àgùntàn, àfi ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Mọremí bí.

Samuel Johnson, àlùfáà tí ó ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yọ́, kọ ìtàn yìí sínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897. Ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn òǹtẹ̀wé ní ìlú Òyìnbó. Johnson kú ní 1901. Obadiah, àbúrò rẹ̀, ni ó tún un tò láti inú àkọsílẹ̀ tí ó fi sílẹ̀, ó sì di 1921 kí ó tó jáde. Ifẹ̀ ní tirẹ̀ kò dúró de ìwé. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe ọdún Edì ní ìrántí Mọremí, ní 2016 ni Ọọ̀ni Ògúnwùsì sì ṣí ère rẹ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀ tí gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 42.

Kí a wá wọ ọkọ̀ ojú omi ní Igbókòdá, kí a gba àárín àbàtà lọ sí Ode-Ugbò, níbi tí ilé ti ń dúró lórí òpó, tí omi sì jẹ́ ojú ọ̀nà. Ibẹ̀ ni a ó ti gbọ́ apá kejì ọ̀rọ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu Ugbò sọ pé àwọn baba ńlá wọn ni onílé ní Ifẹ̀ kí Odùduwà tó dé, àti pé àwọn ni Ìgbò tí ìtàn Mọremí ń sọ. Olúgbò ti Ugbò, Ọba Fredrick Ọbátẹ́rù Akínrùntán, ti sọ ọ́ ní gbangba lọ́pọ̀ ìgbà pé Ugbò ni ó ni Ifẹ̀ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Nínú irú ìtàn báyìí, ẹni tí ó wọ aṣọ ìko kì í ṣe ọlọ́ṣà. Onílé tí ń padà wá béèrè ilé baba rẹ̀ ni. Bí a bá sì ti ibẹ̀ wo Mọremí, ìyàwó tí ó tú àṣírí ọkọ rẹ̀ fún ọ̀tá ni a ó rí. Àwọn onímọ̀ ìtàn kò tíì fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ yìí, kì í sì í ṣe eré ilé ìwé ni yóò parí rẹ̀ fún wọn.

Ní ti òfin, ìdí ọ̀rọ̀ náà kò jìn tó bí àwọn ènìyàn ti rò. Ẹ̀tọ́ àdàkọ kì í dáàbò bo ìtàn. Ọ̀nà tí ẹnì kan gbà sọ ìtàn ni ó ń dáàbò bò. Pé obìnrin kan wà tí ó jẹ́jẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ odò, ti gbogbo ayé ni. Ṣùgbọ́n orin tí Dúró Ládípọ̀ fi sí Mọremí lẹ́nu nínú eré tirẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó tò, àti bí ìran kan ti tẹ̀lé òmíràn, ti Ládípọ̀ ni. Òfin Nàìjíríà fún òǹkọ̀wé ní ẹ̀tọ́ yìí ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ó sì fún àwọn àrólé rẹ̀ ní 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ládípọ̀ kú ní 1978. Nítorí náà ó di òpin 2048 kí ẹnikẹ́ni tó lè lo ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ó ti wù ú. Ti Johnson ti kọjá lọ tipẹ́, ẹni tí ó bá fẹ́ lè dà á kọ. Nígbà tí Bọ́láńlé Austen-Peters gbé eré olórin kan tí ó dá lórí Mọremí jáde ní Èkó ní 2018, kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó bi í léèrè ẹni tí ó fún un láṣẹ láti sọ ìtàn náà.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni iṣẹ́ a tilẹ̀ máa lọ́jú nígbà mìíràn. A tẹ Mọremí ti Ládípọ̀ jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1967, nínú ìwé tí Ulli Beier ṣe àkójọ rẹ̀. Eré mìíràn wà nínú ìwé kan náà tí a kọ orúkọ Ọbọ́túndé Ìjímèrè sí. Lẹ́yìn náà ni ó wá hàn pé Beier fúnra rẹ̀ ni Ìjímèrè yìí.

Òfin tilẹ̀ tún lọ jìnnà ju ti òǹkọ̀wé kọ̀ọ̀kan lọ. Òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti 1911 ni a kọ́kọ́ lò ní ilẹ̀ yìí. Tiwa tẹ̀lé e ní 1970. Èyí tí ó jáde ní 1988 ni ó wá ya àlọ́, ewì ìbílẹ̀, orin, ijó àti eré àbáláyé sọ́tọ̀, ìyẹn ohun tí àwùjọ kan dá tí ẹnì kan ṣoṣo kò sì lè pè ní tòun. Ẹni tí ó bá fẹ́ lò wọ́n fún òwò, tàbí tí ó bá fẹ́ gbé wọn kúrò ní àyè tí àṣà fi wọ́n sí, àṣẹ ni yóò gbà. Ọwọ́ Àjọ tí ìjọba àpapọ̀ yàn láti máa mójú tó ẹ̀tọ́ àdàkọ ni àṣẹ náà wà, kò sí lọ́wọ́ ọba tàbí àwọn àgbà ìlú. Ẹni tí ó bá tẹ̀ wọ́n jáde gbọ́dọ̀ dárúkọ ìlú tàbí àwùjọ tí ó ti mú wọn. Òfin náà yọ ìlò fún ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó sì yọ òǹkọ̀wé tí ó yá nínú wọn láti fi dá iṣẹ́ tuntun ti ara rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú. Òfin tuntun tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹta 2023 kò pa ètò yìí rẹ́.

Ìlú wo ni ẹni tí ó bá tẹ ìtàn Mọremí jáde yóò wá dárúkọ? Tí ó bá jẹ́ ti orúkọ nìkan, kò sí wàhálà: kí ó kọ Ifẹ̀, kí ó sì kọ Ugbò. Kì í tilẹ̀ ṣe ìtàn Mọremí nìkan ni ó rí bẹ́ẹ̀ létí òkun yìí. Ìtàn Ayélála, òrìṣà tí àwọn Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀ ń bẹ̀rù nítorí pé kì í fojú fo ìwà ibi, bẹ̀rẹ̀ láti inú ìjà àwọn Ìlàjẹ pẹ̀lú àwọn Ìjọ̀ ará Arógbò. Ọkùnrin Ìlàjẹ kan ṣẹ̀, ó sá lọ sọ́dọ̀ wọn. Ẹrúbìnrin kan ni a fi rúbọ dípò rẹ̀ nígbà tí ìlú méjèèjì ń ṣe àdéhùn àlàáfíà. Ìtàn tí ó jẹ́ pé ìlú méjì ni ó pàdé bí i, báwo ni ìlú kan yóò ṣe dá jogún rẹ̀?

Inú àṣẹ gan-an ni ewu wà. Àwọn kan ń sọ pé kò tọ́ kí kọ́kọ́rọ́ ohun ìní ìlú wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ní Àbújá, kí a gbé e fún àwọn tí ó ni ín. Ní ti owó àti ní ti orúkọ, òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí ilé iṣẹ́ fíìmù bá ti ara ijó tàbí orin ìlú kan là, ó yẹ kí ìlú náà jẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n agbára láti kọ̀ kì í ṣe ọmọ ìyá owó. Bí a bá gbé agbára yẹn fún Ifẹ̀, ìtàn bí Ugbò ti ń sọ ọ́ lè má dé orí ìtàgé mọ́ láé. Bí a bá gbé e fún Ugbò, bóyá ni ọmọ Ifẹ̀ kan yóò tún lè kọrin yin Mọremí nínú fíìmù. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Òfin tí yóò jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo rojọ́ títí ayé kò sàn ju irú àgbà bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tí ó bá rò pé àsọdùn ni èyí, kí ó rántí 1964. Ní ọdún náà ni Hubert Ògúndé gbé eré Yorùbá Ronú jáde, tí ìjọba Ìwọ̀-oòrùn lábẹ́ Akíntọ́lá sì fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ ní gbogbo agbègbè náà. Ìlàjẹ wà lábẹ́ ìjọba yẹn nígbà náà, nítorí náà òfin ọ̀hún dé etí òkun pẹ̀lú. Kò sí ẹni tí ó sọ pé Ògúndé jí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni kò dùn mọ́ wọn. Ó fi eré mìíràn, Òtítọ́ Korò, dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n ó di 1966, nígbà tí Fájuyì di gómìnà ológun, kí a tó tú òfin náà ká. Irú rẹ̀ kò tíì tán nílẹ̀: ní oṣù kẹrin 2025, àjọ tí ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní kí ilé iṣẹ́ kankan má ṣe gbé orin Eedris Abdulkareem kan tí ó bá Ààrẹ wí sórí afẹ́fẹ́.

Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí ni pé irinṣẹ́ kan náà lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Lábẹ́ òfin tuntun, ẹni tí ó bá rí i pé a ti gbé iṣẹ́ òun sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìgbàṣẹ lè kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tí ó gbà á síbẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà yóò sọ fún ẹni tí ó gbé e síbẹ̀, bí onítọ̀hún kò bá sì rí àlàyé gidi ṣe, wọn yóò yọ ọ́. Èyí dára. Ṣùgbọ́n òfin kan náà fún Àjọ fúnra rẹ̀ lágbára láti dí ojú ìkànnì tí ó bá gbà pé ó ń rú ẹ̀tọ́ àdàkọ. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Ògúndé kò ní ṣàì béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹni tí kò fẹ́ ọ̀rọ̀ kan bá fi olè jíjà bojú láti pa á rẹ́.

Síbẹ̀, ẹni tí ó bá tìtorí èyí sọ pé kí a pa òfin náà tì kò tíì bá oníṣẹ́ ọnà gbé. Ní 2009 àwọn olórin gba ààwẹ̀ ní Gbọ̀ngàn Eré Orílẹ̀-èdè ní Igánmú láti fi ẹ̀dùn ọkàn wọn hàn lórí iṣẹ́ wọn tí àwọn ẹlòmíràn ń dà kọ tà. Fíìmù October 1 tí Kunle Afolayan gbé jáde ní 2014 bọ́ sọ́wọ́ irú àwọn olè bẹ́ẹ̀ ní 2015. A kò sì gbọdọ̀ rò pé àwọn gbajúmọ̀ Èkó nìkan ni ó kàn. Obìnrin tí ń kọ orin bírípo níbi ìsìnkú ní Máhìn, orin tí ó ń kọ lè jẹ́ ti gbogbo Ìlàjẹ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Òfin fún òṣèré àti akọrin ní ẹ̀tọ́ lórí bí a ti ń gba ohùn àti ìṣe wọn sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fi fóònù gbà á, tí ó sì ń fi í pa owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìbi í, ó jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Olùkọ́ wa ńkọ́? Bí ó bá fẹ́ lo ọ̀rọ̀ Ládípọ̀ gan-an, tí ó sì fẹ́ gba owó ìwọlé lọ́wọ́ àwọn òbí, kí ó kọ̀wé sí àwọn tí ó ni ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ọ̀nà tí ó dára jù ni kí òun àti àwọn ọmọ jókòó kọ tiwọn. Kí ọmọ tí ó nawọ́ sókè kọ ìran tí yóò ṣáájú, níbi tí àwọn aláṣọ ìko ti ń sọ ìdí tí wọ́n fi ń lọ sí Ifẹ̀. Kí a tẹ orúkọ ìlú méjèèjì sórí ìwé ètò. Bí àgbà kan bá sì dìde pé kì í ṣe bí òun ti gbọ́ ọ nìyẹn, kí a gbé àga fún un kí ó sọ tirẹ̀ lẹ́yìn eré. Kò ní àṣẹ láti dá eré dúró, ṣùgbọ́n ó ní ẹnu. Ní ti ìko tí wọn yóò fi hun aṣọ, ó pọ̀ nínú àbàtà ẹ̀yìn ilé ìwé, kò sì sí ìlú tí ó tíì sọ pé òun nìkan ni ó ni ín.