Ìyàtọ̀ Láàrin Egungun tí Ìtànṣán Bàjẹ́ àti Egungun tí Jẹjẹrẹ Ràn Dé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí iná kò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Èrò yìí ni ó máa ń wá sọ́kàn ẹbí bí obìnrin tí ó ti gba ìtọ́jú ìtànṣán fún jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé-ọmọ bá tún ń ké ìrora ìbàdí lẹ́yìn ọdún kan: wọn a ní àrùn náà ti padà dé. Ó lè máà rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ti ilé wò ó. Nínú àwọn ère òkúta tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ní Ilé-Ìṣẹ̀ǹbáyé Èsìẹ́, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1945, ọ̀pọ̀ ni ó ti ṣẹ́. Ẹni tí ó rí ojú ibi tí ère ti ṣẹ́ kò tíì mọ ohun tí ó ṣẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ ni egungun rí.

Ìtànṣán tí ń pa jẹjẹrẹ a máa ba àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń kọ́ egungun jẹ́, a sì máa dín òpó ẹ̀jẹ̀ tí ń bọ́ ọ kù. Egungun a di ẹlẹgẹ́, ìrìn lásán a sì lè mú un sán. Ní ti jẹjẹrẹ tí ó ràn, àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ni ó bá ẹ̀jẹ̀ rìn, tí wọ́n tẹ̀dó sínú mùdùnmúdùn.

Àmì mẹ́ta ni dókítà ń wò. Èkíní, ibi tí ó wà: ti ìtànṣán kì í kọjá ibi tí ìtànṣán dé, ó sì sábà máa ń hàn ní ọ̀tún àti òsì ìbàdí; ti jẹjẹrẹ lè fọ́n ká dé ọ̀pá ẹ̀yìn àti ìhà. Èkejì, ìrísí: ojú sísán ni ti àkọ́kọ́, kókó tí ń jẹ egungun ni ti èkejì. Ẹ̀kẹta, ìrora: ti egungun tí ó sán sábà máa ń rọlẹ̀ bí a bá dùbúlẹ̀, ti jẹjẹrẹ lè máà jẹ́ kí a sùn lóru. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn kò tó ṣe ìdájọ́. Ẹ̀rọ CT àti MRI ń fi ohun tí X-ray lásán kò rí hàn.

Ìdí tí ó fi ṣe pàtàkì ni pé ìsinmi, oògùn ìrora, kálísíọ́mù àti fítámì D lè tó fún egungun tí ó sán. Bí a bá ṣì í pè ní jẹjẹrẹ, tí a tún da ìtànṣán lé e, a ó dá kún ìbàjẹ́ rẹ̀. Bí a bá sì fojú di jẹjẹrẹ, àkókò ti lọ. Nítorí náà, ìbáà jẹ́ UCH Ìbàdàn ni aláìsàn ti gba ìtànṣán, ìbáà jẹ́ LUTH Èkó, kí ó pa ìwé ìtọ́jú rẹ̀ mọ́, kí ó sì fi han dókítà tí ó bá sún mọ́ ọn nílé. Ìwé náà ni yóò sọ ibi tí ìtànṣán dé.