Agídí Ọkọ̀ Ojú Irin

Ẹni tó bá dúró ní Agége tàbí Ìkẹjà nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ń bọ̀ yóò ṣàkíyèsí pé ọ̀nà jínjìn ni awakọ̀ ti ń fọn fèrè, nítorí ó mọ̀ pé bí òun tilẹ̀ tẹ bíréèkì tagbáratagbára, ọkọ̀ náà yóò ṣì rìn jìnnà kí ó tó dúró.

Isaac Newton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ òfin tó ṣàlàyé èyí sínú ìwé ní ọdún 1687, pé ohun tó dúró kì í ṣí nípò, ohun tó sì ń lọ kì í dẹ eré tàbí yẹ̀ lọ́nà, àfi bí agbára kan bá tì í tàbí fà á. Bí nǹkan bá ṣe wúwo tó ni agídí yìí ṣe ń le tó. Ẹsẹ̀ irin lórí irin kì í sì í di ara wọn mú bí táyà ṣe ń di títì mú; ohun tó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo wọ́ ọ̀pọ̀ wágùnù náà ni kò jẹ́ kí wọ́n tètè dúró.

Ìdí nìyí tí àyà mi fi máa ń já bí mo bá rí àwọn ìyá wa tí wọ́n pàtẹ ata sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin. Bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po 2, tí bíréèkì kò sì yí padà, ọ̀nà tí yóò rìn kí ó tó dúró a di ìlọ́po 4. Ọkọ̀ ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní ọdún 2021 sì yára ju ti àtijọ́ lọ.