Ìsoríkọ́ àti Sìgá
Ẹni tí ìsoríkọ́ mú a máa wí pé sìgá ni ó ń tu òun nínú. Kò rí bẹ́ẹ̀: ìnira tí sìgá dá sílẹ̀ ni sìgá ń pẹ̀tù sí. Bí ó bá jáwọ́, inú rẹ̀ lè túbọ̀ bàjẹ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọkàn a máa fúyẹ́. Ní àwọn ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí ni kí a má ṣe fi í sílẹ̀. Ní 1954 ni Dókítà Lámbò bẹ̀rẹ̀ sí jẹ́ kí ìbátan bá aláìsàn gbé ní Àrò, Abẹ́òkúta. Kí àwa ará Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ṣe bẹ́ẹ̀. Kí dókítà gbọ́ tẹ́lẹ̀, nítorí jíjáwọ́ lè yí agbára oògùn padà. Bí ó bá sì ń dárúkọ ikú, kí a mú un lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.