Ilé Ọba Jó, Ilé Tálákà Náà Jó

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń béèrè pé, nígbà tí àrùn Kòrónà ti kógbá sílé, kí ló dé tí ìyà tó mú wá kò bá a lọ? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ dáhùn.

Ní ọdún 2020, gbogbo ayé tilẹ̀kùn mọ́rí. Ilé ẹ̀kọ́ wa pàápàá di títì pa lóṣù kẹta. Ọrọ̀ ajé àgbáyé fi nǹkan bí ìdá 3 nínú 100 sún sẹ́yìn. Lógúnjọ́ oṣù kẹrin, epo rọ̀bì Amẹ́ríkà di ọjà àìrítà, débi pé ẹni tó ní epo ló ń sanwó fún ẹni tó bá a gbé e. Lóṣù yẹn kan náà, Nàìjíríà yá bílíọ̀nù 3.4 dọ́là lọ́wọ́ àjọ IMF.

Nígbà tí ó di 2021, ayé dìde, ọrọ̀ ajé sì gbèrú ní nǹkan bí ìdá 6 nínú 100. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wa tilẹ̀ jọ ṣubú, a kò jọ dìde. Yorùbá ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ìjọba Amẹ́ríkà gbé owó tó lé ní tírílíọ̀nù 2 dọ́là kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní 1,200 dọ́là. Owó ilẹ̀ wọn ni wọ́n fi yáwó, òun náà ni wọn yóò fi san án.

Tálákà ńkọ́? Dọ́là ni ó fi jẹ gbèsè, kì í sì í ṣe dọ́là ni ó ń pa wọlé. Bí ẹnìkan bá yá wa ní àpò ìrẹsì kan, tó ní ìrẹsì ni òun yóò gbà, bí ìrẹsì bá wọ́n, gbèsè wa ti pọ̀ sí i láìjẹ́ pé a tún yá òmíràn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Owó pọ̀ nígboro, ọjà kò tó, ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine tún bẹ́ sílẹ̀ ní 2022. Láti dẹ́kun ọ̀wọ́ngógó, báǹkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbé èlé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òfo ga kọjá ìdá 5 nínú 100 láàárín 2022 sí 2023. Dọ́là wá gbówó lórí. Zambia ti kọ́kọ́ kùnà láti san gbèsè rẹ̀ ní 2020. Gánà náà dáwọ́ sísan èyí tó pọ̀ jù nínú gbèsè òkèèrè rẹ̀ dúró lóṣù kejìlá 2022. Nílé wa níbí, dọ́là kan tó jẹ́ nǹkan bí 460 náírà ní báǹkì ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà 2023 ti kọjá 1,400 náírà kí oṣù kejì 2024 tó parí.

Kí ló wá wà níwájú? Ní 2023 àti 2024, nǹkan bí ìdá 3 nínú 100 péré ni ọrọ̀ ajé àgbáyé fi ń dàgbà lọ́dún, kò tó ti ìgbà tí àrùn kò tíì dé. Owó tó yẹ kó kọ́ ilé ìwòsàn àti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni àwọn ìjọba tálákà ń san fún olówó èlé.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Òwò tí àwọn òbí wa ń ṣe lókè Ọya níbí ni wọ́n fi ń rán ọ̀pọ̀ wa níwèé, bí dọ́là bá sì ti gbéra, ọjà wọn náà gbéra. Nítorí náà, bí àwọn tó ń wá ìbò bá dé, ẹ má jẹ́ kí a gba fìlà àti ìrẹsì lọ́wọ́ wọn kí a dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n pé: èló ni ẹ fẹ́ yá, kí ni ẹ fẹ́ fi ṣe, owó wo ni a ó sì fi san án? Àwa ni a ó san án.