ÌBÍ KÒ JU ÌBÍ: Ọ̀rọ̀ Ìran àti Àwọ̀ Láàrin Àwọn Ará Íńdíà

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọ̀rọ̀ wa tòní dá lórí àìsàn kan tí ó ń bá àwọn ará Íńdíà fínra: kí a máa fi ìbí àti àwọ̀ díwọ̀n ọmọ ènìyàn.

Láti ayébáyé ni àṣà àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ti pín ènìyàn sí ọ̀wọ́ mẹ́rin. Àwọn Brahmin, ìdílé àlùfáà, ni wọ́n wà lókè. Jagunjagun tẹ̀lé wọn, oníṣòwò tẹ̀lé e, òṣìṣẹ́ wà nísàlẹ̀. Àwọn tí ń gbá ilẹ̀, tí ń kó ìgbẹ́, tí ń bó awọ ẹran òkú, wọn kò tilẹ̀ kà wọ́n mọ́ ọ̀wọ́ kankan. Àwọn ni à ń pè ní Dalit lónìí. Ọ̀wọ́ tí a bí baba sí ni ọmọ yóò wà. Owó kò yọ ọ́, ìwé kò yọ ọ́. Òfin Íńdíà ti 1950 fagi lé kíka ènìyàn sí ohun àìmọ́ tí a kì í fọwọ́ kàn, ṣùgbọ́n òfin kò tíì lé e kúrò lọ́kàn.

Ẹ lè sọ pé, "Àwọn Híńdù nìyẹn, kí ló kan Mùsùlùmí?" Ó kàn wá o! Àwọn Mùsùlùmí Íńdíà náà pín ara wọn. Àwọn tó ní ìran àwọn wá láti ilẹ̀ Arébíà, Páṣíà tàbí Afghanistan, bí i Sayyid àti Pathan, ń pe ara wọn ní Ashraf, ọlọ́lá. Ahunṣọ àti alápatà, tí baba ńlá wọn gba Islam níbẹ̀, ni wọ́n ń pè ní Ajlaf. Agbálẹ̀ ni Arzal, ẹni tó rẹlẹ̀ jù. Wọn a jọ kírun lórí ìlà kan, èjìká kan èjìká. Bí ọ̀rọ̀ yìgì bá wá dé, ìlà yẹn tú ká.

Ní 1998, akọ̀ròyìn kan ní Bihar, Ali Anwar, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún àwọn tí a tì sẹ́yìn wọ̀nyí, tí wọ́n ń pè ní Pasmanda. Ẹjọ́ wọn nìyí: ìjọba ya àyè iṣẹ́ àti ilé ìwé sọ́tọ̀ fún Dalit. Híńdù ni àṣẹ 1950 kọ́kọ́ kà. Wọ́n fi Sikh kún un ní 1956, ẹlẹ́sìn Búdà ní 1990. Agbálẹ̀ tó jẹ́ Mùsùlùmí, wọn kò dárúkọ rẹ̀.

Àwọ̀ ńkọ́? Àwọ̀ kọ́ ni ìbí. Brahmin dúdú wà ní gúúsù, Dalit pupa wà ní àríwá. Síbẹ̀, nínú ìpolówó ìgbéyàwó inú ìwé ìròyìn, ìyàwó pupa ni wọ́n ń wá. Ní 1975 ni ìpara Fair & Lovely jáde níbẹ̀; ní 2020 wọ́n sọ ọ́ di Glow & Lovely. Orúkọ yí padà, ìpara kò kúrò lọ́jà.

Ẹ má jẹ́ kí á fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìpara tí ń bóra ń bẹ nínú ilé tiwa náà, a sì ń béèrè ìlú ọkọ ìyàwó kí a tó béèrè ìrun rẹ̀. Nínú Sūratul Hujurāt, āyà 13, Ọlọ́hun jẹ́ kí á mọ̀ pé ọkùnrin kan àti obìnrin kan ni orísun gbogbo wa, ìbẹ̀rù Rẹ̀ ni ó sì ń gbé ènìyàn ga. Bilal, dúdú, tó ti ṣe ẹrú rí, ni Ànábì (kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a) fi ṣe apèrun.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, ẹ sọ fún ọmọbìnrin yín pé dídúdú kì í ṣe àrùn. Ẹ̀yin bàbá, bí Mùsùlùmí oníwà rere bá wá tọrọ ọmọ, ẹ má tìtorí ìran lé e. Bí a ṣe bí ẹrú ni a bí ọmọ. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí á gbọ́, kí á sì lò ó. Àmín.