Ìsinmi Ọkàn Fún Àwọn Olùtọ́jú Aláìsàn

Ẹ̀yin ará Ute, Ọ̀wọ̀ kò jìnnà sí wa. Ní ọjọ́ 5 oṣù Júnì, ọdún 2022, nígbà tí àwọn apànìyàn kọlu àwọn olùjọsìn ní ilé ìsìn Francis Mímọ́ níbẹ̀, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ti Ọ̀wọ̀ gba ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó gbọgbẹ́. A gbàdúrà fún wọn. Ṣùgbọ́n ta ni ó rántí ọkàn àwọn tí ó di ọgbẹ́ náà?

Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ 8 kan wà tí Jon Kabat-Zinn dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1979. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò jókòó jẹ́ẹ́, yóò fiyè sí èémí rẹ̀. Bí ọkàn bá ṣáko, yóò rọra fà á padà. Lónìí, nọ́ọ̀sì lè kọ́ ọ nílé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò lè dípò oorun, kò sì lè dípò alábàáṣiṣẹ́. Ẹni tí ń ru ẹrù gbogbo wa, ẹ jẹ́ kí a bá a sọ̀ ọ́.