Èwo Ni Ó Dára Jù Lọ? Àgbéyẹ̀wò Ìlànà Yíyan Ẹ̀dá Nínú Eré Pokémon GO

1. Ìfáárà

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ yẹ ìbéèrè kan wò tí àwọn tí ń ṣe eré Pokémon GO sábà máa ń bi ara wọn: èwo nínú àwọn ẹ̀dá tí wọ́n kó jọ ni ó dára jù lọ láti tọ́ dàgbà? Orí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ alágbèéká ni a ti ń ṣe eré yìí. Oṣù keje ọdún 2016 ni ilé-iṣẹ́ Niantic gbé e jáde. Eléré yóò máa rìn káàkiri àdúgbò, yóò máa mú àwọn ẹ̀dá tí ó bá fara hàn lójú ẹ̀rọ, yóò sì máa fi ohun méjì sọ wọ́n di alágbára. Èkíní ni eruku ìràwọ̀, tí gbogbo ẹ̀dá jọ ń lò. Èkejì ni súìtì, tí ó jẹ́ ti ìdílé ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan. Eruku tí a bá ti ná sára ẹ̀dá kan kò ṣeé gbà padà mọ́. Ìdí nìyí tí yíyàn fi ṣe pàtàkì.

Èrò wa ni pé ìbéèrè náà kò pé bí a ti ń bi í. Bí a kò bá sọ iṣẹ́ tí a fẹ́ fi ẹ̀dá náà ṣe, gbólóhùn náà "ó dára jù lọ" kò ní ìtumọ̀ tí a lè dì mú.

2. Ohun tí CP ń sọ

Nọ́mbà tí ó hàn lókè orí ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ni a ń pè ní CP. Láti ara ìkọlù, ìdáàbòbò àti ìfaradà ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀n àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò dọ́gba. Bí a bá sọ ìkọlù di ìlọ́po mẹ́rin, CP yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ó bá jẹ́ ìdáàbòbò nìkan, tàbí ìfaradà nìkan, ni a sọ di ìlọ́po mẹ́rin, CP kò ní ju ìlọ́po méjì lọ.

Síwájú sí i, CP kò ka ọgbọ́n ìjà ẹ̀dá náà sí rárá. Ẹ jẹ́ kí a wo Slaking. Ìkọlù rẹ̀ jẹ́ 290, CP rẹ̀ sì ga ju ti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó wọ inú eré náà, Yawn, èyíinì ni yíyán, ni wọ́n fún un láti máa fi jà, yíyán kì í sì í pa ọ̀tá lára. Ẹni tí ó bá tìtorí CP ná eruku rẹ̀ lé Slaking lórí ti tọ́ òmìrán tí ń sùn.

3. Ọ̀tá tí a fẹ́ kojú

Nínú ìjà àjùmọ̀jà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2017, àwọn eléré máa ń para pọ̀ kojú ọ̀gá ẹ̀dá kan láàárín àkókò tí a dá. Níbẹ̀, ẹ̀yà ọ̀tá ṣe pàtàkì. Ìjà tí ó bá bá àìlera ẹ̀yà kan mu yóò di ìlọ́po 1.6, bí ọ̀tá bá jẹ́ ẹlẹ́yà méjì tí ìjà náà mú méjèèjì, yóò di ìlọ́po 2.56.

Bí àpẹẹrẹ, Tyranitar jẹ́ ẹ̀yà òkúta àti ẹ̀yà òkùnkùn. Ìkọlù Mewtwo jẹ́ 300. Ti Machamp jẹ́ 234. Mewtwo ṣọ̀wọ́n, ó sì lókìkí. Ṣùgbọ́n ìjà agbára ọkàn tí Mewtwo fi ń jà kò ju ìlọ́po 0.39 lọ lára ẹ̀yà òkùnkùn, nígbà tí ìjà ọwọ́ Machamp jẹ́ ìlọ́po 2.56 lára Tyranitar. Bí a bá fi ìkọlù nìkan ṣírò, Mewtwo ní 117, Machamp ní nǹkan bí 599. Ọ̀tá ni ó yí ipò wọn padà.

4. Ààlà tí a fi sí ìdíje

Ní oṣù kejìlá ọdún 2018 ni àwọn eléré bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn jà. Nínú Great League, CP ẹ̀dá kankan kò gbọdọ̀ ju 1500 lọ. Ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan sì ní ẹ̀bùn àbínibí, láti 0 dé 15, fún ohun mẹ́ta tí a dárúkọ lókè. Ọ̀pọ̀ gbà pé 15 lọ́nà mẹ́ta ni pípé. Lójú ìjà àjùmọ̀jà, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé ìkọlù ni ó ń mú CP yára ga, ẹ̀dá tí ẹ̀bùn ìkọlù rẹ̀ kéré, tí ti ìdáàbòbò àti ìfaradà rẹ̀ pọ̀, yóò gun ìpele púpọ̀ sí i kí ó tó kan 1500. Yóò sì pẹ́ lójú ìjà ju ẹni pípé lọ. Àwọn tí òfin yìí kò bá wí ni àwọn tí agbára wọn kò lè gbé wọn dé 1500. Ẹ wo iye irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ tí eléré ti fi ránṣẹ́ sí Professor Willow láti gba súìtì kan ṣoṣo, nítorí pé kò "pé".

5. Iye tí yóò ná wa

Láti ìpele 1 dé 40, ẹ̀dá kan yóò gba eruku 270,000 àti súìtì 304. Ẹ̀dá tí kò tíì yí padà sábà máa ń mú eruku 100 wá nígbà tí a bá mú un; nítorí náà, eruku náà tó ohun tí a ó rí bí a bá mú 2,700 irú wọn. Nínú iye yìí, 140,000 ni ó ń lọ sáàárín ìpele 31 àti 40, ohun tí a sì rí gbà fún un ni pé ìkọlù ẹ̀dá náà fi nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Èyí ju ìdajì gbogbo ìnáwó lọ. Eléré tí kò ní àyè púpọ̀ yóò jèrè bí ó bá tọ́ ẹ̀dá méjì, tí iṣẹ́ wọn yàtọ̀, dé ìpele 31, ju kí ó tọ́ ọ̀kan dé 40 lọ.

6. Ìkádìí

A ti rí i pé iṣẹ́, ọ̀tá, ààlà àti ìnáwó ni wọ́n ń sọ èyí tí ó dára, pé CP nìkan kò tó ẹ̀rí. Àwọn àgbà ní kí a tó rí erin, ó di igbó. Kí a tó rí ẹfọ̀n, ó di ọ̀dàn. Kí eléré kọ́kọ́ mọ ibi tí ó ń lọ, kí ó tó ṣí àpò eruku rẹ̀.